Mágímà ń yí, kírísítálì ṣì ń rì: ẹ gbà mí o, sẹ́mínà ti dé tán

Akeko_Apata:

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ òkúta. Sẹ́mínà kan wà nílẹ̀ fún mi lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀gá mi ló yan àkọlé, bí kírísítálì (hóró òkúta tó ti dì) ṣe ń rì nínú yàrá mágímà, ìyẹn òkúta yíyọ́ gbígbóná, tó ń yípo lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tó ti dojú rú fún mi nìyí o. Mágímà inú yàrá ńlá kì í dúró jẹ́ẹ́, èyí tó ti tutù lókè á wúwo á máa bọ̀ nísàlẹ̀, èyí tó ṣì gbóná á máa gòkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa pààrọ̀ ipò láìsinmi. Ká ní mìlímítà 1 péré ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ti tó mítà 86 lójúmọ́. Mo wá ṣírò bí olivine, irú kírísítálì kan tó wúwo, ṣe ń rì, mítà 2 àti díẹ̀ ló bọ́ sí lójúmọ́. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó ń rin 2, tí ohun tó gbé e dání ń sá 86, ìgbà wo ló fẹ́ débi tó ń lọ? Ṣé kì í ṣe pé mágímà á kàn máa gbé e lọ gbé e bọ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dì ni? Àmọ́ wọ́n tún ní àwọn òkúta kan wà, tó nípọn ní kìlómítà, tó jẹ́ pé kírísítálì tó rì ló kóra jọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ, kí ẹ sì bá mi fi ohun tí mo lè sọ kún un kí wọ́n má baà fi ìbéèrè pa mí.

Baba_Okuta:

O káre ọmọ mi, o ti ṣírò kí o tó béèrè, ọ̀pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká tún un gbé kalẹ̀ kí àwọn tó kù lè bá wa lọ. Fọ́múlà Stokes ti ọdún 1851, tó ń sọ bí ohun kékeré ṣe ń yára rì nínú ohun tó ń ṣàn, ni: v = 2 × Δρ × g × r² ÷ (9 × μ). Δρ ni bí kírísítálì ṣe fi wúwo ju mágímà tó yí i ká lọ, v ni ìyára rírì, g ni agbára òòfà ilẹ̀, r ni ìdajì ìbú kírísítálì, μ ni bí mágímà ṣe ki tó (Pa·s la fi ń wọ̀n ọ́n). Mú olivine tó fẹ̀ ní mìlímítà 2, r rẹ̀ á jẹ́ mìlímítà 1. Olivine tó nǹkan bíi 3300 kg/m³, mágímà basalt (irú tí kò ki púpọ̀) bíi 2700, ìyàtọ̀ á jẹ́ 600. Basalt tó gbóná dáadáa, jẹ́ ká fún un ní 50 Pa·s. Ohun tó máa jáde ni mítà 0.000026 ní ìṣẹ́jú àáyá, tó bá di odidi ọjọ́ ó ti di mítà 2.26. Ó bá tìẹ mu.

Àmọ́ tẹjú mọ́ fọ́múlà yẹn dáadáa. r² ló wà níbẹ̀, kì í ṣe r lásán. Olivine tó bá kéré sí èyí ní ìdajì, ìdá mẹ́rin ìyára rẹ̀ ló máa ní, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 56 lójúmọ́. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ pé báwo ni kírísítálì ṣe ń yára rì tó, èwo nínú wọn ni kí o kọ́kọ́ bi í padà. Kí o tún yẹ nọ́ńbà Reynolds, tó ń sọ bóyá ìṣàn á lọ jẹ́ẹ́ tàbí á dà rú, wò kí o tó gbé Stokes jáde, torí Stokes ò wúlò fún ohun tó ń já wálẹ̀ gìrìgìrì. Pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tá a lò yìí, bíi 0.000003 ló jẹ́, 1 ni ààlà, kò sí ewu kankan.

Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló kọ́kọ́ ronú kàn án, Darwin ni kí o dá. Darwin tá a mọ̀ sí ti ẹranko yẹn náà ni o. Ó ṣàkíyèsí láfà (mágímà tó tú jáde sórí ilẹ̀) ní erékùṣù kan ní Galápagos, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1844 pé ìwúwo ló ń mú kí kírísítálì rì kúrò nínú ohun tó ṣì ṣàn. Lẹ́yìn náà Bowen, onímọ̀ òkúta, fi iná ilé ìwádìí dán an wò ní Washington, ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1915, olivine rì lójú ẹ̀.

Ti ìyípo, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó gbọ́ fisíìsì jù mí lọ, wọ́n wà níbí, wọ́n kàn ń wò wá ni.

Tisa_Fisiisi:

Haha Baba, ẹ ti rí mi. Ẹ ṣé gan-an sà.

Àbúrò, wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ́. O fi 86 wé 2 bí ẹni pé ibi gbogbo nínú yàrá yẹn ni mágímà ti ń sá 86 lọ sókè sódò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ló ti ń sáré. Bó bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀ yàrá, ó mọ̀ pé òun ò lè gba inú ilẹ̀ kọjá, ó ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí náà ìrìn rẹ̀ sókè sódò á máa kéré sí i títí á fi di òfo níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an. Kírísítálì ò ní ìdíwọ́ yẹn, 2.26 rẹ̀ wà lára rẹ̀ níbi yòówù kó wà. Ìyẹn ni pé ibì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀, ibi tóóró kan báyìí, tí ìrìn mágímà sókè ti kéré sí rírì kírísítálì, èyíkéyìí tí ìyípo bá sì gbé débẹ̀, ilẹ̀ ti gbà á nìyẹn.

Ìyípo ò gba kírísítálì lọ́wọ́ rírì o. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè wà káàkiri yàrá ní iye kan náà, àti pé ó ń gbé wọn wá sẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀ yẹn lemọ́lemọ́. Martin àti Nokes ló fi èyí hàn gbangba nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 1988. Wọ́n da hóró polystyrene (irú ike kan) kéékèèké sínú omi iyọ̀ tó ń yípo, wọ́n wá ń wo iye tó ṣẹ́ kù bí àkókò ṣe ń lọ. Bó ṣe jáde nìyí:

N = N₀ × e^(−vt/h)

N₀ ni iye kírísítálì tá a fi bẹ̀rẹ̀, N ni iye tó ṣẹ́ kù, e ni nọ́ńbà bíi 2.718, t ni àkókò, h ni gíga yàrá, v ni ìyára Stokes tí Baba ṣírò lókè yẹn gan-an. Wá ìyára ìyípo níbẹ̀ bóyá wàá rí i. Kò sí. 86 ẹ yẹn ò wọlé rárá.

Akeko_Apata:

Háà! Ẹ ṣeun o ẹ̀gbọ́n. Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ wá ni pé bóyá mágímà ń yí bóyá ó jókòó jẹ́ẹ́, bákan náà ló já sí?

Tisa_Fisiisi:

Rárá o, fara balẹ̀. Ní ẹnu ilẹ̀ ni ìyára ti jọra, àbájáde ò jọra.

Mú yàrá tó ga ní kìlómítà 1. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, olivine tó wà lókè téńté máa rin bí ọjọ́ 440 kó tó délẹ̀, tí ọjọ́ yẹn bá sì pé kò sí ẹyọ kan mọ́ nínú mágímà, ó ti tán. Tó bá ń yípo ńkọ́? Lọ́jọ́ 440 yẹn, 37 nínú 100 ṣì ń jó kiri lókè. Tó bá di ọjọ́ 880 á ku bíi 14, ọjọ́ 1,320 á ku 5. Iye tó ń bọ́ sílẹ̀ lójúmọ́ ń tẹ̀lé iye tó kù, torí náà kò ní ọjọ́ kan tí wàá sọ pé wò ó, ó parí lónìí.

Ògì ni kí o fi wò ó. Ògì tá a sẹ́ tá a gbé kalẹ̀, omi á tòrò lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀, ojú rẹ ló máa rí ìlà tó pín wọn. Kí ẹnì kan wá máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lókè láìfọwọ́ kan ìdí, ìlà yẹn ò ní sí, gbogbo omi yẹn á kàn máa fẹ́lẹ́ sí i ni, tí ìdí ń ga sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wà nípò ẹ tí mo máa tẹnu mọ́ lọ́jọ́ sẹ́mínà nìyí: ọjọ́ 1,320 ò tó ọdún 4. Yàrá tó ga ní kìlómítà 1 ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó dì. Torí náà fún basalt, àkókò tí kírísítálì nílò láti rì kéré gan-an sí àkókò tó wà nílẹ̀. Tuntun ń ṣẹ̀dá, èyí tó ti dàgbà ń bọ́ sílẹ̀, iye tó wà lókè á kàn dúró síbi kan.

AdukePetro:

Gbogbo ohun tí Tísà sọ dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbé fọ́múlà yẹn lọ bí ẹni gbé Bíbélì lọ o. Ó ní àwọn ohun tó kà sí òótọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ìkíní, pé kírísítálì tó bá ti kan ilẹ̀ kì í tún dìde mọ́. Tí ìṣàn tó ń gba orí ilẹ̀ bá lágbára tó, tí kírísítálì sì kéré, ó lè tún fà wọ́n gòkè, Solomatov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn láwọn ọdún 1990.

Ìkejì ló wọ̀ mí lára jù. Fọ́múlà yẹn ka kírísítálì sí ohun tó kéré níye débi pé mágímà ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nínú òun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tí kírísítálì olivine bá jẹ́ 1 péré nínú 100 mágímà, ó ti fi kg 6 kún ìwúwo mágímà tó gba mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga (600 × 0.01). Ooru tó ń dá ìyípo sílẹ̀ ńkọ́? Tí òkè bá fi ìwọ̀n 10 tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ ìwúwo tó máa ti ibẹ̀ jáde ò ju bíi kg 1.35 lọ. Ṣé ẹ rí i? 1 nínú 100 kírísítálì lágbára ju ìyàtọ̀ ooru ìwọ̀n 10 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin! Kírísítálì kì í ṣe èrò tó kàn wọkọ̀, òun náà ń fọwọ́ sí ìdarí ọkọ̀.

Koyaguchi àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dán èyí wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1990. Tí hóró bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ìwúwo wọn á borí agbára ooru, ìyípo tó ń pò wọ́n á já, wọ́n á wá rì wìnnìwìnnì bí ìgbà tí nǹkan dúró jẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá ti kúrò, ooru á tún gba ìjọba, ìyípo á tún bẹ̀rẹ̀. Rì, yí, rì, yí. Èmi gbà pé ibẹ̀ wà lára ohun tó lè fa ìpele dúdú ìpele funfun tá a máa ń rí nínú àwọn òkúta yẹn, kò sì di dandan kí mágímà tuntun wọlé kí ìpele tó wà.

Baba_Okuta:

Aduke, o ṣeun, ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ fi èyí kún un: tí kírísítálì bá ti ń pọ̀ wọ́n tún máa ń dí ara wọn lọ́wọ́, torí tí ọ̀kan bá ń rì, mágímà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà gòkè. Richardson àti Zaki ló fún wa ní ọ̀nà tá a fi ń díwọ̀n ẹ̀ lọ́dún 1954, ẹ mú iye mágímà tí kò tíì dì, ẹ gbé e sí agbára 4.65. Tí kírísítálì bá jẹ́ 20 nínú 100, ìyára á já sí bí ìdá mẹ́ta, 2.26 á di bíi 0.8. Tó bá di 40, kò tó ìdá mẹ́wàá mọ́. Tó bá sún mọ́ ìdajì, ẹ gbàgbé rírì, ó ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, kírísítálì ti fara ti kírísítálì.

OmoIjesa_Houston:

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin àgbà. Mo rí i pé gbogbo yín wà lórí ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n mú ibi tí wọ́n ti fojú rí i wá.

Kīlauea Iki, ní Hawaii. Oṣù kọkànlá ọdún 1959 ni òkè ayọnáyèéfín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí tú, ó parí lóṣù Kejìlá, ó da láfà kún ihò ńlá kan títí ó fi di adágún tó jìn ju mítà 100 lọ. Olivine kún inú láfà yẹn bámú. Lọ́dún 1960 wọ́n ti gun orí èèpo tó dì lókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ihò wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ títí wọ ọdún 1988, nígbà tí inú ṣì gbóná. Ẹ rò ó wò, ẹ̀rọ ń gbẹ́ òkúta, òkúta yẹn ń dì lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n rí nínú òkúta tí wọ́n gbẹ́ jáde: èèpo òkè dì kíákíá, ó sì há olivine tirẹ̀ mọ́ inú. Lábẹ́ ẹ̀, apá kan wà tí olivine ti dínkù nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀, olivine pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ibi tó ṣófo lókè ló lọ kún ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹlòmíì ló da tuntun sí i, torí gbogbo ayé ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń kún. Tí wọ́n bá ní kí o mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo wá, Kīlauea Iki ni kí o mú, má mú àwọn yàrá tó ti dì láti ayébáyé tí gbogbo èèyàn ṣì ń jà lé lórí.

Onijakadi:

Ó dáa, ó tó àkókò kí n da omi tútù sí i díẹ̀ 😄 

Pé kírísítálì LÈ rì, mo gbà. Pé gbogbo òkúta onípele ló ti ibẹ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́, n ò gbà. Ẹ lọ wo Skaergaard, yàrá mágímà àtijọ́ tó ti dì, ní ìlà-oòrùn Greenland. Wager, onímọ̀ òkúta, ló mú un wá sójú ayé láàárín ọdún 1930 sí 1939, òun àti Deer kọ ìwé ńlá lé e lórí, láti ìgbà náà sì ni àwọn olùkọ́ ti ń fi í kọ́ni pé ẹ wò ó, kírísítálì rì, ó to ara rẹ̀ sórí ara wọn, ìpele lórí ìpele. Ọdún 1960 ni Wager, Brown àti Wadsworth wá fún irú òkúta bẹ́ẹ̀ lórúkọ, cumulate, ìyẹn èyí tó kóra jọ.

Ìbéèrè mi méjì. Ọ̀kan: kírísítálì ò dì sí ilẹ̀ nìkan ní Skaergaard, ó dì sí ara ògiri, ó dì sí àjà. Ta ló ń rì sókè? Ìkejì: plagioclase, kírísítálì funfun kan tí kò wúwo púpọ̀. Bíi 2700 ni ìwúwo rẹ̀, mágímà Skaergaard sì kún fún irin tó mú un wúwo, nínú fọ́múlà Baba Δρ á di òfo tàbí kó tiẹ̀ bọ́ sábẹ́ òfo, ìyẹn ni pé ó yẹ kó léfòó. Síbẹ̀ plagioclase ló kún ilẹ̀ yẹn fọ́fọ́. Báwo ló ṣe débẹ̀? McBirney àti Noyes gbé irú ìbéèrè yìí dìde lọ́dún 1979, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí kírísítálì wà yẹn náà ló hù sí, kò ti ibì kankan rì wá.

Akeko, má lọ dúró síwájú wọn kí o sọ pé rírì ló ṣe gbogbo rẹ̀, ẹnì kan á dìde níjókòó á bi ẹ́ ní plagioclase yìí, òógùn á bo ẹ́.

AdukePetro:

Onijakadi, o ò parọ́, àmọ́ ẹ rọra o. Plagioclase ò ní láti rì ní òun nìkan. Mágímà tó tutù lábẹ́ àjà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè kún fún plagioclase àti pyroxene pọ̀ mọ́ra, kí gbogbo rẹ̀ wá jọ ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀gbàrá, pyroxene tó wúwo á fà wọ́n lọ. Nígbà yẹn kì í ṣe Δρ plagioclase nìkan ni ká wò, ti odidi àpòpọ̀ yẹn ni. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán lórí Skaergaard ṣá.

Onijakadi:

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Àmọ́ ìyẹn náà kì í ṣe Stokes mọ́, àbí?

AdukePetro:

Kì í ṣe Stokes, mo fara mọ́ ọn.

Awakusa_SA:

Ẹ̀yin ará mo kí yín láti Gúúsù Áfíríkà. Ẹ wá ẹ gbọ́ ti wa níbí, ti Bushveld, òkúta onípele ńlá tó ti ara mágímà wá, ọmọ bílíọ̀nù 2 ọdún àti díẹ̀, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú platinum tí wọ́n ń wà láyé ti ń jáde. Ìpele chromite wà níbẹ̀, dúdú kirikiri, ẹ lè tẹ̀ lé ọ̀kan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, kí ó má sì nípọn ju mítà kan lọ. Gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló máa ń sọ pé ìyẹn rọrùn, chromite wúwo, òun ló kọ́kọ́ rì.

Ẹ ṣírò ó wò. Ẹ fún chromite ní 4500, Δρ á di 1800, ìlọ́po mẹ́ta ti olivine. Àmọ́ hóró chromite kéré, ká ní mìlímítà 0.2 ni ìbú rẹ̀, r á jẹ́ 0.1. Nínú mágímà 50 Pa·s yẹn náà, bíi sẹ̀ǹtímítà 7 péré ló ń rì lójúmọ́. Olivine mìlímítà 2 fi ìlọ́po 33 sáré jù ú lọ! Ìwúwo ò ràn án lọ́wọ́, kíkéré ti pa á. Torí náà tí méjèèjì bá jọ wà nínú mágímà kan, ti rírì nìkan ò lè ya chromite sọ́tọ̀ kedere báyẹn, olivine á ti balẹ̀ tipẹ́. Níbi tá a wà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lórí ohun tó ṣe é, àwọn kan ní mágímà tuntun ló wọlé, àwọn kan ní pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kírísítálì ló yọ̀ tí hóró kéékèèké sì jò sísàlẹ̀ láàárín àwọn ńlá. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ lẹ́bi lórí ìwúwo, kó kọ́kọ́ sọ ti r² fún mi.

Bisi_Idanre:

Ẹ jọ̀ọ́ mi ò kàwé tó yín o, bàbá mi ló ń gbẹ́ òkúta. Àpáta Ìdànrè tiwa yìí ńkọ́? Hóró funfun ńláńlá wà nínú rẹ̀ tá a ń fojú lásán rí. Ṣé ó rì ni?

Baba_Okuta:

Bísí, ìbéèrè rẹ dára ju ti àwọn mìíràn tí wọ́n fi ń gba oyè lọ. Hóró yẹn, feldspar ni. Gíránáìtì ni Ìdànrè, bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe basalt. Mágímà gíránáìtì ki ju basalt lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ká fún un ní 1,000,000 Pa·s, kí feldspar fi 150 péré wúwo jù ú. Feldspar tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 á rì ní bíi mítà 1 lọ́dún. Èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 2, sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún! Ṣé o rí i, ńlá ṣì lè rìn díẹ̀, kékeré ti dúró síbẹ̀. Kó tó rìn jìnnà ni kírísítálì yòókù ti pọ̀ yí i ká tí wọ́n há a mọ́. Ìdí rèé tí àwọn tó ń wá ìpele tó mọ́ kedere kì í fi wá a nínú gíránáìtì, inú basalt ni wọ́n ń lọ.

Bá mi kí bàbá.

Tisa_Fisiisi:

Kẹ́ ẹ tó jáde nínú ọ̀rọ̀ líléfòó yẹn, ẹ fi Òṣùpá kún un, kò gba àkókò. Apollo 11 kó erùpẹ̀ wálé lọ́dún 1969, wọ́n rí àfọ́kù òkúta funfun tó jẹ́ plagioclase ní kìkì nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn kan ti ń sọ pé Òṣùpá ti fìgbà kan jẹ́ òkun mágímà, plagioclase léfòó sókè di èèpo, olivine àti pyroxene rì. Fọ́múlà kan náà ni, àmì Δρ ló kàn yí padà, ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ wá di ẹnu ọ̀nà àjà.

IyaIbeji_Lab:

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ ò sọ ohun tí ọmọ yìí máa ṣe tó bá jókòó síwájú míkírósíkóòpù. Àbúrò, ó dájú pé o ní òkúta tí wọ́n ti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú yàrá ìwádìí yín, tó bá jẹ́ gabbro (mágímà basalt tó dì lábẹ́ ilẹ̀) ó dáa. Má kàn ka orúkọ kírísítálì, wọn ìbú wọn. Wọn olivine bó bá ti lè pọ̀ tó, láti ìsàlẹ̀ òkúta lọ sókè. Tó bá jẹ́ mágímà tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n rì nínú ẹ̀, àwọn ńlá á débẹ̀ ṣáájú, kékeré á gun wọn lórí, wàá rí i bó ṣe ń kéré lọ sókè. Tó bá jẹ́ mágímà tó ń yípo, ńlá àti kékeré á jọ máa bọ́ lójoojúmọ́, ńlá kàn máa yára tán nínú mágímà ni, torí náà ìyípadà náà á rọra lọ, kò ní hàn ketekete. Lẹ́yìn náà wo ohun tó wà láàárín wọn. Ṣé kírísítálì fara kan ara wọn? Ṣé àwọn gígùn sùn sílẹ̀ sí apá kan náà? Ṣé etí wọn ti jẹ, tàbí ó ṣì mú? Èyí tó hù níbi tó wà máa ń rí ọ̀tọ̀, nígbà míì á na ẹ̀ka sókè láti orí ilẹ̀. 

Kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, kí ìwọ̀n mìlímítà hàn lára fọ́tò. Mo ti jókòó ti sẹ́mínà tí fọ́tò ò ní ìwọ̀n kankan, n ò mọ̀ bóyá kírísítálì ni mò ń wò àbí odidi àpáta.

Akeko_Apata:

Ẹ̀yin ìyá ẹ̀yin bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kīlauea Iki ni màá fi ṣáájú, ìṣirò á tẹ̀ lé e, Skaergaard àti Bushveld á wà níbi tí ọ̀rọ̀ ti le, kí Onijakadi má wá bá mi níbẹ̀ 😅. Ó ku ìbéèrè kan péré: 50 Pa·s tí gbogbo wa ń lò yìí, tí ẹnì kan bá ní níbo la ti rí i ńkọ́?

Tisa_Fisiisi:

Má dúró lórí nọ́ńbà kan. Ṣe tábìlì kékeré: μ jẹ́ 10, v á jẹ́ mítà 11.3 lójúmọ́, 50, 2.26, 100, 1.13. Ṣe irú rẹ̀ fún ìbú kírísítálì, mìlímítà 0.5, 1, 2. Wọ́n á rí i fúnra wọn pé ìbú ló ń ru nǹkan sókè jù. Tó o bá fẹ́ ya ti Martin àti Nokes nínú Excel, má ya N, ln N (logarithm N) ni kí o yà pẹ̀lú àkókò, ìlà tó gún régé ló máa jáde, bó ṣe dagun sísàlẹ̀ ni v/h. Tó bá tẹ̀ kọrọ dípò kó gún, ó lè jẹ́ pé ìbú kírísítálì ẹ ò dọ́gba, ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan ń tún ilẹ̀ dìde, èyí tí Aduke sọ. Kọ μ tó o lò sí abẹ́ gíráàfù kọ̀ọ̀kan.

Baba_Okuta:

Kí o sì kọ ooru tó bá μ yẹn rìn síbẹ̀, bíi ìwọ̀n 1200°C fún basalt. Tí mágímà bá tutù díẹ̀ ni μ á ti gòkè, kírísítálì tó ń pọ̀ nínú rẹ̀ á tún fi kún un. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 50 kì í parí sí 50.